Sinimá Àwọn Olè: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Àgbà àti Ọ̀dọ́ Wò?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun." Bí a bá fi ara balẹ̀ wo òwe yìí, a óò rí i pé inú rẹ̀ ni gbogbo ìtàn olè tí a ń pa ní ayé ti jáde. Olè ń ka ọjọ́ tirẹ̀, olóhun sì ń retí ọ̀kan ṣoṣo tí í ṣe tirẹ̀. Àárín ìrètí méjèèjì yìí ni àwọn tí ń ṣe sinimá ti ń rí iṣẹ́ ṣe láti ìgbà pípẹ́ wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ sinimá olè àti ọlọ́pàá ni a mú wá sí iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ó ti di ohun àríyànjiyàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Bàbá yóò ní kí ọmọ pa á, nítorí pé olè jíjà ni ó ń kọ́ ènìyàn. Ọmọ yóò ní eré lásán ni. Ìyá yóò sì dákẹ́, nítorí pé òun pàápàá fẹ́ mọ ibi tí ìtàn náà yóò já sí. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ wo sinimá yóò wọ aṣọ, yóò san owó ní ẹnu ọ̀nà, àwọn àgbà yóò sì rí i bí ó ti ń wọlé. Lónìí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì lè wò ó lábẹ́ aṣọ ìbora ní òru tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Nítorí náà, kí a kàn pàṣẹ pé "Má wò ó" kò tó mọ́. Ó yẹ kí a lè sọ fún ọmọ pé: "Èyí dára, wò ó, èyí kò tíì tọ́ sí ọ, èyí, jẹ́ kí a jọ wò ó."

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ẹni tí ó bá fi ọ̀nà olè han ọmọ, kò ha ti fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn ìyá wa máa ń pa ní àlọ́ fún wa. Ajá àti Ìjàpá lọ jí iṣu ní oko olóko. Ajá mú ìwọ̀nba tí apá rẹ̀ ká, ó sì tètè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìjàpá di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Kò lè rù ú, kò sì lè fi í sílẹ̀, títí olóko fi dé bá a. Ìtàn olè ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ a kò gbọ́ pé ọmọ kan tìtorí rẹ̀ di olè iṣu. Ojúkòkòrò Ìjàpá ni ó dúró sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́, Ajá náà jalè, ó sì dé ilé ní àlàáfíà. Àlọ́ náà kò fi èyí pamọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àgbà ni ó ń pa àlọ́, tí ó sì ń dúró dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó ti rí fún àlọ́ ni ó rí fún sinimá.

Sinimá kì í ṣe àlejò láàárín wa. Oṣù August ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi í han àwọn ará Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Kò sì sí ilẹ̀ tí ó dé tí a kò wá ọ̀nà láti fi ìjánu sí i lẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onílé-iṣẹ́ sinimá ṣe ìwé òfin kan ní ọdún 1930, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un ní ọdún 1934. Òfin náà wí pé sinimá kò gbọdọ̀ mú kí ọkàn òǹwòran fà sí ọ̀daràn, àti pé kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tí a ń gbà jalè tàbí tí a ń gbà ṣí àpótí irin hàn ní fínnífínní. Ọdún 1968 ni wọ́n pa òfin náà tì, tí wọ́n sì fi àmì ọjọ́ orí rọ́pò rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń yẹ sinimá àti fídíò wò sílẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń fi àmì ọjọ́ orí sí ara sinimá, irú bí 15 àti 18. A bẹ ẹ̀yin òbí kí ẹ máa wo àmì náà. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Kí a tó dárúkọ àwọn tí a yàn, ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí a ti ń hun irú sinimá yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí. Èkíní ni kíkó ẹgbẹ́ jọ, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: a ó wá ẹni tí ó mọ irin í ṣí, a ó wá ẹni tí ó mọ ọkọ̀ í wà, a ó sì wá ẹni tí ó wà nínú ilé tí a fẹ́ jà. Èkejì ni iṣẹ́ náà gan-an, tí òǹwòran kì í lè mí délẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pínpín owó, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ti ń tú. Nínú èyí tí ó dára jù nínú wọn, kì í ṣe àgádágodo ni ó ń ṣẹ́gun olè. Ìwà olè fúnra rẹ̀ ni: ẹnu tí kò lè dákẹ́, ojú tí kò kúrò lára obìnrin, ọwọ́ tí kò mọ ìwọ̀n.

Èyí tí a ó fi ṣáájú ni The Lavender Hill Mob, tí ilé-iṣẹ́ Ealing ti Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde ní ọdún 1951, tí Charles Crichton sì darí. Àwa tí a ń fi gègé jẹun kò lè ṣàìfẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé akọ̀wé báńkì ni olórí ìtàn náà. Holland ni orúkọ rẹ̀, Alec Guinness ni ó sì ṣe é. Fún nǹkan bí ogún ọdún ni ó ti ń bá ọkọ̀ tí ń kó wúrà lọ sí báńkì rìn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́, wọ́n sì gbà pé kò ní ọgbọ́n orí ju ìyẹn lọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé láti ọdún yìí wá ni ó ti ń ronú bí wúrà náà yóò ṣe di tirẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó dí i lọ́nà, àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ẹni tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ta ni yóò ra ọ̀pá wúrà lọ́wọ́ akọ̀wé?

Ìgbà tí ó bá ọ̀gbẹ́ni kan pàdé nínú ilé tí wọ́n jọ yá gbé, ẹni tí ń fi òjé rọ ilé gogoro Eiffel kéékèèké fún àwọn arìnrìn-àjò, ni ọ̀nà là. Wọ́n yọ́ wúrà, wọ́n fi rọ ilé gogoro, wọ́n sì kó o ránṣẹ́ sí Paris. Àṣìṣe ẹni tí ń tajà níbẹ̀ ni ó mú kí mẹ́fà nínú wọn bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì, nígbà náà ni eré ìje bẹ̀rẹ̀. T. E. B. Clarke tí ó kọ ìtàn náà gba ẹ̀bùn Oscar nítorí rẹ̀. Ẹ̀rín ni ó kún inú sinimá yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè wò ó láìsí ewu. Ẹ má ṣe dìde kí ó tó parí pátápátá, nítorí pé ohun kékeré kan wà ní òpin rẹ̀ tí ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà.

Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó gbé The Ladykillers jáde ní ọdún 1955, Alexander Mackendrick ni ó darí rẹ̀. Adigunjalè márùn-ún yá yàrá lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, opó, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní olórin ni àwọn. Wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a fi giramafóònù kọ orin, wọn a sì máa gbèrò ibi lábẹ́ rẹ̀. Ìyá yìí a máa kan ilẹ̀kùn ní ìgbà gbogbo láti fi tíì lọ̀ wọ́n. Nígbà tí àṣírí tú sí i lọ́wọ́, wọ́n pinnu láti pa á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe é? Ó ṣòro fún ọ̀daràn tí ó le jù pàápàá láti gbé ọwọ́ sókè sí ẹni tí ó tó ìyá ìyá rẹ̀. Katie Johnson tí ó ṣe ìyá náà ti lé ní ọdún 75 ní ìgbà náà, ó sì gba ẹ̀bùn òṣèré obìnrin tí ó dára jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà. Òkú pọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni a fi bò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rín sílẹ̀ nísinsìnyí. The Killing ni sinimá tí Stanley Kubrick ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Johnny Clay, tí Sterling Hayden ṣe, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún dé, ó sì fẹ́ kó mílíọ̀nù méjì dọ́là ní pápá eré ìje ẹṣin. Àwọn tí ó kó jọ kì í ṣe ìgárá. Ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ń gba owó ní ojú fèrèsé pápá náà, tí ìyàwó rẹ̀ ń fojú tín-ín-rín nítorí àìní. Ọ̀kan ń ta ọtí níbẹ̀, ìyàwó tirẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pàá tí gbèsè ti dè mọ́lẹ̀. Ìṣòro tí a ń rí ní àdúgbò wa ni ìṣòro wọn. Ọgbọ́n tí Kubrick lò ni pé ó ń dá aago padà: a ó tẹ̀lé ọkùnrin kan dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀, a ó sì tún padà sí òwúrọ̀ ọjọ́ náà láti tẹ̀lé ẹlòmíràn, títí gbogbo okùn yóò fi pàdé. Ìwé ètò náà pé pérépéré. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ọkọ kan sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní alẹ́, àti àpótí kan tí títì rẹ̀ kò dán mọ́rán. Kò gùn tó wákàtí kan àbọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó o wò.

Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí ni Rififi jáde ní ilẹ̀ Faransé. Jules Dassin tí ó darí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí a ti dí iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ìlú rẹ̀ nítorí ẹ̀sùn pé ó bá àwọn Kọ́múnísì rìn. Nítorí pé kò sí lábẹ́ òfin sinimá Amẹ́ríkà mọ́, ó lè fi iṣẹ́ olè hàn bí ó ti rí. Ọkùnrin mẹ́rin lu òrùlé ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ kan ní Paris láti inú ilé tí ó wà lókè rẹ̀. Wọ́n ti agboòrùn sínú ihò náà, wọ́n ṣí i sí ìsàlẹ̀, kí àfọ́kù má baà bọ́ sílẹ̀ kí aago ìkìlọ̀ sì dún. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, orin kan kò sì dún. Ẹni tí ó bá ń wò ó yóò rí i pé òun pàápàá ti pa ohùn mọ́ra. Síbẹ̀ òrùka kan ṣoṣo, tí ọ̀kan nínú wọn fi fún obìnrin akọrin kan, ni ó kó gbogbo wọn sí wàhálà. Dassin fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ẹni tí ó fún un ní òrùka náà. Ó gba ẹ̀bùn olùdarí ní Cannes ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: olórí wọn fi bẹ́líìtì na obìnrin kan ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwà ìkà ni. Ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún ni a lè fi í sílẹ̀ fún, kí àgbà sì wà ní ìtòsí.

Láti Amẹ́ríkà náà ni Inside Man ti wá, tí Spike Lee darí ní ọdún 2006. Àwọn adigunjalè wọ báńkì kan ní New York, wọ́n sì pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ wọ irú aṣọ tí àwọn náà wọ̀, kí ọlọ́pàá má baà mọ ẹni tí í ṣe olè. Denzel Washington ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí a rán sí wọn, òun náà sì wà lábẹ́ ẹ̀sùn owó tí ó sọnù. Igbákejì rẹ̀ ni Chiwetel Ejiofor ṣe, ẹni tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù fún òbí tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Bí ìtàn náà ti ń lọ ni a ń béèrè pé ta gan-an ni olè nínú báńkì yìí: ẹni tí ó gbé ìbọn wọlé ni, àbí ẹni tí ó kọ́ ilé náà? Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí a kò lè fò. Olórí àwọn adigunjalè rí ọmọdékùnrin kan tí ń fi ẹ̀rọ ta ayò ìpànìyàn, ẹnu yà á, ó sì ní òun ní láti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di pé olè ń bá òbí wí lórí ohun tí ọmọ ń wò, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Èébú pọ̀ nínú sinimá yìí, àgbà àti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sókè ni ó yẹ.

Heat tí Michael Mann ṣe ní ọdún 1995 kò yẹ ọmọdé rárá. Ìlú Los Angeles ni ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì súnmọ́ wákàtí mẹ́ta. Robert De Niro ni olórí adigunjalè, Al Pacino ni ọ̀gá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ń dọdẹ rẹ̀. Òfin tí olè yìí fi ń gbé ayé ni pé kí ènìyàn má ní ohunkóhun tí kò lè fi sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 bí ewu bá dé. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ilé rẹ̀ ń tú lójú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ni ó fi ṣe aya. Ní ọjọ́ kan àwọn méjèèjì jókòó mu kọfí, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, olúkúlùkù sì mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá kàn, òun yóò pa ẹnì kejì. Ìbọn tí wọ́n yìn ní àárín ìgboro nínú sinimá yìí le púpọ̀. Ohun tí ó kù ní etí wa lẹ́yìn ariwo náà ni ìdánìkanwà àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dé ojú àmì, tí wọn kò sì ní ẹni tí wọn óò jẹun alẹ́ pẹ̀lú.

A kò gbàgbé ilé. Ní àwọn ọdún 1990 ni Tade Ogidan ṣe Owó Blow, ìtàn Wọlé, ọmọ ilé rere tí ìyà ti dé ìdí ìwà ọ̀daràn. Femi Adebayo àti Taiwo Hassan ni wọ́n ṣe é, èkíní ní ìgbà èwe rẹ̀, èkejì ní ìgbà tí ó dàgbà. Ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀ pé a kì í bí olè. Ọ̀nà ni a ń gbà dé ibẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà ní ẹ̀bá ọ̀nà náà tí wọn ìbá ti dá a dúró. Ní ọdún 2014, Kunle Afolayan gbé October 1 jáde. Olóògbé Sadiq Daba ni ó ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá tí a rán láti wá ẹni tí ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní Akote, nígbà tí òmìnira ọdún 1960 kù sí dẹ̀dẹ̀. Òtítọ́ tí ó rí kì í ṣe èyí tí àwọn aláṣẹ fẹ́ kí ó jáde ní ọjọ́ ayọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ tí a ṣe sí ọmọdé wà nínú rẹ̀. Nítorí náà kí ó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 18, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni oníṣòwò lè rí mú nínú gbogbo èyí? Ó rọrùn. Nínú The Lavender Hill Mob àti nínú The Killing, ẹni tí ó wà nínú ilé ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ọ̀gá tí ó ra àgádágodo ńlá, tí kò sì mọ̀ pé ìyàwó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìdajì ilé rẹ̀ ni ó tì. Akọ̀wé tí a fi ogún ọdún rí bí àga, tí a kò kí, tí a kò gbé ga, ó lè jẹ́ olóòótọ́ títí ikú, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ni ó yẹ kí a yìn fún un.

Fún ẹ̀yin òbí, a dámọ̀ràn ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ lè bi ọmọ nígbà tí sinimá bá parí. Èkíní: ta ni ó san gbèsè ohun tí ó ṣẹlẹ̀? Èkejì: níbo ni olè ìbá ti yí padà, kí ó sì lọ sí ilé? Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: níbo ni olóhun wà? Ẹ ó rí i pé àwọn tí ń ṣe sinimá kì í sábà fi ojú rẹ̀ hàn wá. A ń rí bí a ti ń lu òrùlé, a kì í rí obìnrin tí ó dé ìsọ̀ ní òwúrọ̀ tí ó bá a ní òfìfo. Ọmọ tí ó bá ti lè béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwọ̀nba ọmọ tí kò lè béèrè rẹ̀ ni ó yẹ kí á bẹ̀rù fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wo sinimá kankan rí. Gbájú-ẹ̀ tí wọ́n wà ní ìgboro wa kò kọ́ iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ Jules Dassin.

Ẹ yan èyí tí ó bá ọjọ́ orí ilé yín mu, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ sọ èrò tirẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.